Bẹ́ẹ ṣe lè gbé ajá yín lọ ọlidé létí òkun Ireland, kẹ́ẹ sì sinmi lóòótọ́

Ẹ jẹ́ n tètè sọ eléyìí kẹ́ẹ tó sanwó kankan: kì í ṣe gbogbo ilé tí wọ́n bá kọ "pets welcome" sí ló fẹ́ràn ajá, òmíì kàn ń wá owó tiẹ̀ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ témi àtìyàwó mi lọ, Wexford la lọ, ní gúúsù ìlà-oòrùn Ireland, ilé kékeré kan tó kọjú sókun, fọ́tò ẹ̀ rẹwà, wọ́n ní ọgbà wà. Ọgbà wà lóòótọ́, àmọ́ ihò ńlá kan wà lábẹ́ fẹ́ńsì lẹ́yìn ilé, Bíngò sì ti rí ihò yẹn kí n tó kó báàgì tán nínú bùútù. (Bẹ́ẹ̀ ni, Bíngò lorúkọ ẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ló ń sin ajá ní Balbriggan, nítòsí Dublin, kí lẹ fẹ́ kí n sọ ọ́, Fionn, orúkọ àwọn ará Ireland?) Gbogbo ọlidé yẹn, ìdí ihò ni mo gbé àga sí bí ọdẹ àdúgbò, ìyàwó mi nìkan ló rí òkun.

Torí náà ọgbà ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n, ẹ fi ti tẹlifíṣọ̀n àti Wi-Fi sílẹ̀ ná. Ṣé fẹ́ńsì yí gbogbo ẹ̀ ká? Báwo ló ṣe ga tó? Ṣé géètì ń tì dáadáa? Kí ló wà lódìkejì, títì àbí pápá tí àgùntàn ti ń jẹ̀? Ẹ ní kí wọ́n fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹni tí ọgbà ẹ̀ dáa ò ní bínú. Ẹ tún bi wọ́n pé ajá mélòó ni wọ́n gbà, ṣé owó ìmọ́tótó wà lọ́tọ̀, ṣé ẹ lè fi ajá nìkan sílẹ̀ nínú ilé. Ẹ má fojú kéré èyí tó gbẹ̀yìn yẹn o, torí ilé tó pọ̀ ni ò gbà á, ẹ sì lè ti máa ronú àtijáde lọ jẹun lálẹ́ kẹ́ẹ wá rí i pé ajá ò níbi tó máa wà. Ẹ gba Eircode ilé náà pẹ̀lú, ìyẹn kóòdù àdírẹ́sì tí ilé kọ̀ọ̀kan ní níbí, ilé abúlé tó pọ̀ níbí ò ní nọ́ńbà, tẹ́ẹ bá wá a láìsí Eircode ọgbà màlúù lẹ máa bá ara yín.

Ibi tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn mi ni Curracloe, ní Wexford náà. Láti Dublin, títì márosẹ̀ M11 lẹ máa gbà, kò le rárá. Iyanrìn ibẹ̀ gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11, ìyẹn ni pé tí èrò bá pọ̀ létí ibi tí wọ́n ń páàkì sí, tẹ́ẹ bá ti fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ ó di ẹ̀yin àtajá yín nìkan. Igbó igi páìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Raven, bí atẹ́gùn òkun bá ń gbá yín létí jù ẹ wọbẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Àmọ́ ibi ìpamọ́ ẹranko ni, àwọn ẹyẹ kan ń yé sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, nígbà òtútù àwọn ẹyẹ goose (wọ́n jọ pẹ́pẹ́yẹ ńlá) láti Greenland ń wá sùn lágbègbè yẹn, torí náà ẹ má tú ajá sílẹ̀ níbẹ̀.

Ti àkókò ńkọ́? Èmi fẹ́ràn oṣù karùn-ún àti oṣù kẹsàn-án. Láàárín méjèèjì owó ilé máa ń lọ sókè torí àwọn ọmọ ti gba ìsinmi, àti pé káńsù kọ̀ọ̀kan lófin tiẹ̀ lórí etíkun, èyí tó pọ̀ nínú wọn, pàápàá níbi tí wọ́n ta àsíá aláwọ̀ búlúù sí (àmì pé etíkun náà mọ́), kì í fẹ́ ajá lórí iyanrìn lọ́sàn-án láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹsàn-án. Ẹ ka pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ẹ tó tú okùn. Kò burú ṣá, torí lóṣù kẹfà ilẹ̀ kì í tètè ṣú ní Ireland, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́! Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, ẹ padà wá sùn lọ́sàn-án, ẹ tún lọ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ní wákàtí ọ̀sán yẹn ẹ wa mọ́tò jáde lọ ra sitirọ́bẹ́rì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì, Wexford ò kẹ̀rẹ̀ níbi kéèyàn gbin ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àgùntàn wá kù. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, níbí yìí sísọnù nìkan kọ́ o, òfin Control of Dogs ti ọdún 1986 lè gbe àgbẹ̀ tó bá yìnbọn pa ajá tó ń lé àgùntàn ẹ̀, tí kò bá rọ́nà míì dá a dúró. Ṣé ẹ rí ìdí tí mo fi ń pariwo fẹ́ńsì? Tẹ́ẹ bá ń gbé Ireland, ajá gbọ́dọ̀ ní microchip (ohun kékeré tó ní nọ́ńbà tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ẹ̀) àti láísẹ́ǹsì, €20 lọ́dún àbí €140 fún gbogbo ayé ẹ̀, kí orúkọ àti àdírẹ́sì yín sì wà lọ́rùn ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ràn Alsatian bíi ti ilé, ẹ gbọ́ o, òun àti Rottweiler wà lára àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi nǹkan dí lẹ́nu níta, okùn ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju mítà méjì lọ.

Ẹ̀yin ará London àti Manchester, ẹ̀yin lẹ ní wàhálà jù. Lákọ̀ọ́kọ́ ìwé tiyín: tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ fi ń rìn, kódà kẹ́ẹ ní ìwé ìgbélùú UK, ẹ ṣì nílò físà Ireland. Ti ajá wá: microchip, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó ti lé lọ́jọ́ 21, ìwé ẹ̀rí ìlera látọ̀dọ̀ dókítà ẹranko láàárín ọjọ́ 10 kẹ́ẹ tó wọlé, àti oògùn aràn tí dókítà máa fún un láàárín wákàtí 24 sí 120 kẹ́ẹ tó dé. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ ṣíwájú, ìwé yẹn kì í wọ́n díẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi láti Fishguard ń gbé èèyàn dé Rosslare, Wexford náà nìyẹn.

Tẹ́ẹ bá ti dé, ẹ má sáré lọ sókun. Ẹ kọ́kọ́ fi okùn mú un yí ọgbà ká, ẹ wo abẹ́ fẹ́ńsì fúnra yín, kẹ́ẹ wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ àtijọ́ síbi tẹ́ẹ fẹ́ kó máa sùn, láìfọ̀ ọ́ o, òórùn ilé ló máa fi mọ̀ pé ibí náà tiẹ̀ ni. Ẹ mú bẹ́ẹ̀dìṣíìtì gbígbó dání fi bo àga wọn, àti tówẹ̀lì tó tó márùn-ún, òjò máa rọ̀, kò sí ọlidé Ireland tí òjò kì í rọ̀. Tẹ́ẹ bá wá se ọbẹ̀, ẹ má bù ú fún ajá, àlùbọ́sà ò dáa fún un, eegun adìyẹ tí a ti sè náà ń fọ́ ṣọ́ńṣọ́ ó lè gún un nífun. (Irú tẹ́ẹ bá fi se ọbẹ̀ náà, ẹ ṣí fèrèsé. Mo bẹ̀ yín.)

Létí òkun, ẹ gbé omi mímu dání kó má lọ máa mu omi iyọ̀, ẹ má jẹ́ kó fẹnu kan jellyfish, ẹran òkun tó rí bíi jẹ́lì, tí omi bá gbé jáde, ó ń ta kódà tó bá ti kú. Ẹ wo ìgbà tí omi ń kún kẹ́ẹ tó rìn jìnnà, bí wàhálà bá dé 112 lẹ máa pè, ẹ ní Coast Guard, àwọn tó ń gba èèyàn là lójú òkun, lẹ ń fẹ́. Lálẹ́ ẹ fọwọ́ wá ara ẹ̀ bóyá eégbọn wà, nínú etí àti láàárín ọmọ ìka, kẹ́ẹ tó jẹ́ kó gun àga tẹ́ẹ ti fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì bò.