Bí Mo Ṣe Tú Ẹnu Màmá Sílẹ̀ Nínú Gúrúùpù Èésú Wa

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni, mo ń palẹ̀ ọjà mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀kẹsà nígbà tí fóònù mi dún. Màmá tó jẹ́ olórí èésú wa ni. Wọn ò béèrè ìyàwó, wọn ò béèrè ọmọ.

"Akọ̀wé, kí ni mo fi ṣe yín tí ẹ fi ti àgádágodo mọ́ mi lẹ́nu?"

Orí Telegram la ti ń ṣètò èésú náà. Ọjà Atákúmọ̀sà níbí ní Iléṣà ni púpọ̀ nínú wa ti ń tajà, ṣùgbọ́n àwọn kan ti kó lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, wọn ò sì fẹ́ jáde nínú ẹgbẹ́. Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá ti dé, Màmá á ṣí ìwé wọn, wọ́n á máa kọ orúkọ àwọn tó ti sanwó sínú gúrúùpù, orúkọ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Ẹni tó bá rí orúkọ rẹ̀ á fọkàn balẹ̀. Ìlú òṣómàáló la wà, ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo yí ètò bọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Rose padà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bá wa ṣọ́ gúrúùpù, nítorí àwọn oníjìbìtì tó ń wọlé wá da ìpolówó sílẹ̀ bí òjò. Mo kọ /setflood 5, mo sì ní kó máa fi tmute ọjọ́ kan mú ẹni tó bá kọjá ibẹ̀. Ẹni tó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó ju márùn-ún lọ ránṣẹ́ léraléra, tí ẹlòmíràn ò sọ̀rọ̀ sí i láàárín, bọ́ọ̀tì á pa á lẹ́nu mọ́ títí wákàtí 24 á fi pé. Kì í fi èyí mú ádímìn, ìyẹn àwọn tó ń darí gúrúùpù. Ṣùgbọ́n Màmá tó jẹ́ olórí gbogbo wa lójúkorojú, ọmọ ẹgbẹ́ lásán ni wọ́n lórí fóònù, èmi ò sì ronú kan ìyẹn. Wọ́n kọ orúkọ kẹfà, ẹnu wọn sì pa dé. Wọ́n ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Eléyìí ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan, iye ló kà.

Ohun tó dun Màmá jù ni ohun tó hàn lójú fóònù. Níbi tí wọ́n ti máa ń kọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ ni pé àwọn ádímìn gúrúùpù ti dí wọn lọ́wọ́ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Kò dárúkọ bọ́ọ̀tì. Ádímìn ni wọ́n kà níbẹ̀, èmi sì ni ádímìn tí wọ́n mọ̀. Nínú gúrúùpù, àwọn tí orúkọ wọn ò tíì jáde ti ń béèrè ibi tí owó wọn wọlé sí. Ara mi ò gbà á kí ẹnikẹ́ni fura sí ìyá yìí.

Mo kọ́kọ́ kọ /unmute, mo kọ orúkọ Màmá tẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀tì ò mọ ẹni tí mò ń wí. Orúkọ ìdánimọ̀ tó ní àmì @ níwájú ló lè fi dá èèyàn mọ̀, tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ onítọ̀hún, Màmá ò sì ṣe orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí n dáhùn sí àtẹ̀jíṣẹ́ wọn. Mo rí fọ́tò ìwé èésú tí Màmá ti yà, tí orúkọ wọn wà lókè rẹ̀, mo dáhùn sí i, mo kọ /unmute. Kò ṣiṣẹ́. Ìgbà tí mo wò ó dáadáa ni mo rí i pé ọmọ wọn obìnrin ló gbà á lọ́wọ́ wọn tó sì tún fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ni bọ́ọ̀tì ń wò, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ ni ín.

Mo wá yí gúrúùpù sókè títí mo fi débi orúkọ kẹfà tí Màmá fúnra wọn kọ. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo yan ìdáhùn, mo kọ /unmute. Bọ́ọ̀tì dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n lè sọ̀rọ̀ báyìí. (Ádímìn tó ní ẹ̀tọ́ láti dí ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ nìkan ló lè pa àṣẹ yìí, bọ́ọ̀tì náà sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ kan náà.)

Mo pe Màmá. Wọ́n ní ẹnu àwọn ṣì wà ní títì. Mo gun ọ̀kadà lọ bá wọn ní ìsọ̀ gàrí wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé pé èmi ni mo ṣe ètò tó mú wọn. Wọn ò fèsì, wọ́n na fóònù sí mi. Wọ́n ti pa dátà nítorí kó má baà tán. Mo tàn án, àyè ìkọ̀wé sì yọ padà.

Wọ́n ti fẹ́ máa kọ ọ́ lọ, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró ná. Ètò àtẹ̀jíṣẹ́ márùn-ún yẹn ṣì wà níbẹ̀, yóò tún mú wọn ni. Mo dáhùn sí àtẹ̀jíṣẹ́ wọn kan, mo kọ /approve. Ẹni tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí báyìí, bọ́ọ̀tì ò ní ka iye àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo wá kọ ọ́ sí gúrúùpù, lójú gbogbo ènìyàn, pé Màmá ò ṣẹ̀, pé àṣìṣe tèmi ni, pé owó gbogbo èèyàn wà nínú ìwé.

Màmá fi ìka lé orúkọ keje nínú ìwé, wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n gbójú sókè wò mí kí wọ́n tó kọ ìkẹjọ.