Ṣé Táyà Lẹ Dán Wò Lóòótọ́? Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Oníkẹ̀kẹ́ Orí Òkè

Lóṣù Èrèlé ọdún kan, mo ta táyà tí kò tíì pé oṣù méjì lọ́wọ́ mi fún ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ ní Surrey, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ìdajì owó tí mo fi rà á ni mo gbà. Mo ní kò lè di ilẹ̀ mú, pé díẹ̀ ló kù kó gbé mi sọ sínú igbó. Ẹ̀gbọ́n ò jiyàn. Wọ́n sanwó, wọ́n gbé táyà wọn lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù Èbìbí, táyà yẹn gan-an ló ń fọ́n yanrìn sí mi lójú ní Holmbury, èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn, mi ò lè bá wọn.

Kì í ṣe táyà ni mo dán wò lóṣù Èrèlé yẹn. Ẹfun tó rin gbingbin ni.

Ẹni tó bá mọ Surrey á mọ̀ pé òkè méjì ló wà níbẹ̀ tí ilẹ̀ wọn ò jọra. Òkè North Downs, tí Box Hill àti Ranmore wà lórí rẹ̀, ẹfun ni. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i, ó di ọbẹ̀ ilá. Táyà tí yóò di irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mú dáadáa, wọn ò tíì ṣe é. Kìlómítà díẹ̀ sí gúúsù, Leith Hill àti Holmbury jókòó lórí òkúta oníyanrìn tí omi máa ń tètè wọ̀ lọ. Lọ́jọ́ òjò kan náà, táyà kan náà á yọ̀ bí ẹja ní Ranmore, á sì di ilẹ̀ mú ṣinṣin ní Holmbury. Èmi gbé e lọ sórí ẹfun nìkan, mo sì dájọ́ ikú fún un.

Ẹ má ṣe bíi tèmi. Táyà tí eyín rẹ̀ ga, tí àlàfo gbígbòòrò wà láàárín eyín, ẹrẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún: eyín náà á gún ilẹ̀ rírọ̀ wọlé, ẹrẹ̀ á sì rí àyè já bọ́. Bí ẹ bá gbé e lọ sórí àpáta gbígbẹ, eyín gíga yẹn á máa tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ yín bí ẹni wọ bàtà gogoro rìn lórí òkúta. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wá ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni àwọn tó ń dán táyà wò níbi ìgbọ́kọ̀sí, lórí ọ̀dà. Wọ́n á sáré díẹ̀, wọ́n á tẹ bíréèkì gbì, wọ́n á ní ó dáa. Ọ̀dà ò ní iyẹ̀pẹ̀ tí eyín táyà máa wọ̀. Kí ni wọ́n wá rí níbẹ̀?

Ẹ má gbára lé géèjì ara pọ́ǹpù

Bí mo bá ní láti mú àṣìṣe kan ṣoṣo tó ń ba ìdánwò jẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ inú táyà ni. Fún èmi tí mo wọ̀n tó kílò 80, lórí táyà aláìní túùbù tó fẹ̀ tó íǹṣì 2.4, psi 22 níwájú àti 25 lẹ́yìn ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà). Bí mo bá fi 3 péré kún tiwájú, táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í ta lórí òkúta àti gbòǹgbò dípò kó rọ̀ mọ́ wọn. Bí mo bá yọ 3 kúrò, á máa yẹ̀ lábẹ́ mi ní kọ́nà, ríìmù á sì máa gbá òkúta gbà-gbà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyàtọ̀ psi 3 yẹn tóbi ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín táyà méjì tí ẹ ń fi wéra lọ.

Ẹ wá wo géèjì tó wà lára pọ́ǹpù onílẹ̀ yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kà dé psi 120 tàbí 160, torí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ orí títì. Láàárín 20 sí 30 tí àwa ń wá, àyè tín-ín-rín báyìí ni lójú rẹ̀. Ẹni tó bá fi pọ́ǹpù ilé rẹ̀ fẹ́ táyà kìíní, tó wá yá pọ́ǹpù ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ìkejì, ó dà bí ẹni tó ra ìrẹsì lọ́wọ́ ìyá méjì tí ìdí kóńgò ọ̀kan ti wọnú, tó wá ń sọ pé ìrẹsì ọ̀kan ò kún inú. Ẹ ra géèjì kékeré kan tó ń fi nọ́ḿbà hàn, kó máa wà nínú báàgì yín, òun nìkan ni kẹ́ ẹ sì máa lò. Kódà bó bá ń purọ́, irọ́ kan náà ni kó máa pa lójoojúmọ́. Ti àtàǹpàkò, tí wọ́n á fi tẹ táyà tí wọ́n á mi orí, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Òtútù náà wà ńbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ táyà dé psi 25 nínú yàrá tó gbóná tó 20°C, tí ẹ wá gbé kẹ̀kẹ́ jáde sí 3°C, nǹkan bíi psi 2 ti lọ láìsí pé táyà jò. Rọ́bà fúnra rẹ̀ á tún le sí i nínú òtútù. Ibi tẹ́ ẹ ti máa gùn ni kẹ́ ẹ ti wọn afẹ́fẹ́, lẹ́yìn tí táyà bá ti bá ojú ọjọ́ mu.

Ẹni tó lé eku méjì á pòfo

Mo rí arákùnrin kan tó pààrọ̀ táyà iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀, tó yí ṣọ́ọ̀kì iwájú padà, tó tún gbé ríìmù tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ní táyà tuntun yẹn dùn ún gùn. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe mọ̀? Ríìmù tó fẹ̀ nìkan tó láti yí bí eyín ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe ń dúró padà. Iwájú nìkan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kí gbogbo nǹkan yòókù wà bó ṣe wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ má gùn ún lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ sọ pé ó tó. Ẹ fi táyà àtijọ́ sọ̀kalẹ̀, ẹ fi tuntun sọ̀kalẹ̀, kẹ́ ẹ tún padà sí àtijọ́, lójú ọ̀nà kúkúrú kan náà. Àpadàsẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fò, torí pípààrọ̀ táyà aláìní túùbù nínú igbó kì í ṣe eré (ẹni tó bá ní àgbá kẹ̀kẹ́ méjì tó dọ́gba, tí táyà ti wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti bọ́). Òun ló sì ń tú àṣírí. Bí táyà àtijọ́ bá ṣe dáadáa nígbà kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ, ara yín ló ti gbóná, ẹ sì ti mọ ibi tí gbòǹgbò wà. Ìdí tí mi ò fi fi bẹ́ẹ̀ gba aago gbọ́ nìyẹn. Aago ń sọ bẹ́ ẹ ṣe yá tó. Kò sọ bóyá táyà ló fà á tàbí àyà yín tó ti le sí i.

Kọ́nà ni ẹjọ́ wà

Eyín àárín àti eyín ẹ̀gbẹ́ kì í ṣiṣẹ́ kan náà. Ti àárín ló ń gba bíréèkì àti agbára ẹsẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ kò ní kan ilẹ̀ dáadáa títí ẹ ó fi tẹ kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wo Minion DHF, táyà ilé iṣẹ́ Maxxis tí ọ̀pọ̀ wa ti gùn rí. Àlàfo kan wà láàárín eyín àárín rẹ̀ àti ti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá ń fi ìbẹ̀rù tẹ kẹ̀kẹ́ á dé orí àlàfo yẹn, á rí i bí ẹni pé táyà fẹ́ sá lọ, á yára dìde, á sì lọ sílé lọ sọ pé kò dáa. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kọjá ibẹ̀ ló máa bá eyín ẹ̀gbẹ́ pàdé, wọ́n á sì gbá ilẹ̀ mú bí èékánná. Nítorí náà, ẹ wá kọ́nà tó ṣí sílẹ̀, tí kò sí igi tàbí kòtò lẹ́bàá rẹ̀, níbi tí ìṣubú ò ti ní gbé yín dé ọsibítù. Ẹ rọra fi kún bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ kẹ̀kẹ́, nígbà márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Fífa bíréèkì ẹ̀yìn títí táyà á fi máa wọ́ nílẹ̀ kò wọn nǹkan kan. Bí ẹ bá ti ń tẹ bíréèkì, ìwọ̀n ara yín ti lọ síwájú, ẹ̀yìn ti fúyẹ́, táyà èyíkéyìí ló máa wọ́. Ọ̀nà tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni fi ṣọ́bìrì ṣe lẹ ń bàjẹ́.

Orúkọ ara táyà náà ń tan ènìyàn. DHF tí wọ́n fi rọ́bà MaxxGrip ṣe rọ̀ ju ti MaxxTerra lọ. Ó di òkúta tútù mú jù ú lọ, ó sì tètè ń jẹ. Ẹni méjì lè máa jiyàn lórí táyà kan náà láìmọ̀ pé rọ́bà wọn yàtọ̀. Ẹ ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ọfà tó ń tọ́ka ibi tó yẹ kó máa yí sí. Ẹ má sì gbé táyà tuntun dojú kọ èyí tí eyín rẹ̀ ti jẹ tán. Ọjọ́ orí lẹ fi ń wéra níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bi ẹ̀gbọ́n bóyá wọ́n lè ta táyà yẹn padà fún mi. Wọ́n ní eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń ya, pé kí n wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. "Àmọ́ má gbé e lọ sí Ranmore o."