Mo gba awò ojú tuntun, ilẹ̀ wá ń dagẹ̀rẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí astigmatism

Ìbéèrè: Lálẹ́, iná ọkọ̀ máa ń fọ́n ká lójú mi bí ìràwọ̀. Ìwé ọwọ́ mi àti pátákó òkèèrè, bàìbàì ni méjèèjì.

Ó jọ astigmatism. Awọ kan wà níwájú ẹyinjú tó mọ́ gaara bíi dígí. Ó yẹ kó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, àmọ́ ti ọ̀pọ̀ èèyàn rí bí ẹ̀yìn ṣíbí: ìhà kan tẹ̀ ju ìkejì lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ibẹ̀ wọlé kì í pàdé lójú kan ṣoṣo nínú ẹyinjú. Kì í ṣe àrùn, bí ojú ṣe rí ni. Ojú gbígbẹ àti awò tó dọ̀tí náà máa ń fọ́n iná o, ẹ kọ́kọ́ nu awò yín ná.

Ìbéèrè: Ṣé fóònù ló fà á?

Rárá. Wọ́n sábà máa ń bí i mọ́ èèyàn ni.

Ìbéèrè: Ọjọ́ kẹta rèé tí mo gba awò. Ilẹ̀ ń dagẹ̀rẹ̀, orí ń fọ́ mi. Ṣé wọ́n ṣe é ṣì ni?

Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìwé tí wọ́n fún yín. CYL ń sọ bí astigmatism náà ṣe pọ̀ tó. AXIS, láti 1 dé 180, ń sọ ìhà tó kọ sí. AXIS yìí ni wàhálà máa ń wà. Bí dígí bá fi ìwọ̀n 10 (degree) péré yẹ̀ nínú férémù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ CYL ti lọ nìyẹn. Férémù roboto ló burú jù, torí dígí lè máa yí nínú rẹ̀.

Ẹ na awò náà síwájú, ẹ wo etí fèrèsé láti inú rẹ̀, kí ẹ wá yí i díẹ̀díẹ̀ bíi sítíárìn. Ẹ óò rí i tí etí fèrèsé náà ń wọ́: CYL nìyẹn. Ojú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bó ṣe máa gbà á ni. Ẹ máa lò ó láti àárọ̀ dalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí kò bá lọ, ẹ gbé awò àti ìwé padà, kí wọ́n fi wé ara wọn.

Ìbéèrè: Ọmọ mi máa ń fún ojú pọ̀ wo tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ kò ráhùn.

Ọmọ tí kò ríran kedere rí, kò mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ojú kan bá burú ju ìkejì, ọpọlọ lè pa èyí tó burú tì, tó bá sì dàgbà tán, awò lè má tún un ṣe mọ́. Ẹ mú un lọ rí dókítà ojú, ẹ má dúró de ìráhùn.