Bí mo ṣe fi ìlẹ̀kẹ̀ ewé òkun bo kòkòrò inú omidùn

Ìyá tí mo máa ń ra ògì lọ́wọ́ wọn n'Íbàdàn ló gbé ọ̀rọ̀ yìí sí mi lọ́kàn. Mo ń ṣàlàyé fún wọn pé àwọn kòkòrò tín-ín-tín tó ń mú ògì kan máa ń ṣe inú lóore. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ṣé wọn ò kú sínú omi gbígbóná tá a fi ń po ògì ni?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Omi tó ń hó kì í dá wọn sí. Omidùn tó máa ń tòrò sórí ògì, tí àwọn àgbà máa ń fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru mu ní tútù, tí wọ́n tún fi ń rẹ àgbo, inú rẹ̀ ni àwọn kòkòrò náà ti ń wà láàyè.

Mo gbé ìbéèrè Màmá wọ láàbù, mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá oyè másítáàsì mi.

Kódà téèyàn bá mu omidùn ní tútù, ogun kan ṣì wà níwájú. Ásíìdì inú àpòlúkù le gan-an. Tí ikùn bá ṣófo, pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tá a fi ń wọn ásíìdì (bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe le tó), sábà máa ń wà láàárín 1 sí 3. Bẹ́ẹ̀, àwọn ògbóǹkangí tí FAO (àjọ àgbáyé fún oúnjẹ) àti WHO (àjọ àgbáyé fún ìlera) kó jọ ní ọdún 2001 ti là á kalẹ̀ pé kí kòkòrò tó lè jẹ́ probiotic, ó gbọ́dọ̀ wà láàyè, kó sì pọ̀ tó láti ṣe ara lóore. Èyí tó bá kú sójú ọ̀nà kò sí nínú ìṣirò. Aṣọ ni mo ń wá fún wọn: aṣọ tó máa ki nínú àpòlúkù, tó sì máa já fúnra rẹ̀ tó bá dé ìfun.

Kòkòrò ni mo kọ́kọ́ wá. Mo ta omidùn sórí àwo MRS, oúnjẹ tí irú kòkòrò yìí máa ń hù lórí rẹ̀, mo tì í mọ́nú ìṣà tí mo tan àbẹ́là sí kó lè jẹ díẹ̀ lára afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú rẹ̀, mo gbé e sí dígíríì 37 fún wákàtí 48. Iná lọ lóru ọjọ́ kìíní. Mo kó gbogbo àwo sínú kúlà, mo to ìgò omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ yí wọn ká, mo ń pààrọ̀ omi náà títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n hù, wọ́n funfun bí ọ̀rí. Èyí tó gba àwọ̀ Gram, aró tá a fi ń dá irú kòkòrò mọ̀, tó di àwọ̀ àlùkò, tí kò sì hó nígbà tí mo kán hydrogen peroxide lé e lórí, ni mo yà sọ́tọ̀, torí àmì irú kòkòrò tó ń mú ògì kan ni méjèèjì.

Aṣọ náà ńkọ́? Alginate ni, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń yọ lára ewé òkun. Gíráàmù 4 ni mo pò mọ́ mílílítà 200 omi. Ẹni tó bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà á rí ìjà rẹ̀, torí yóò di kókó bí àmàlà tí ọwọ́ kò mọ̀ ọ́n rò. Ńṣe ni mo ń wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ bí omi ṣe ń yí, mo sì jẹ́ kó sùn mọ́jú. Mo po kòkòrò mọ́ ọn, mo fà á sínú síríǹjì, mo ń kán an sínú omi calcium chloride, gíráàmù 14.7 nínú lítà kan, ti irú èyí tó ní omi nínú. Bí ẹ̀kán bá ti kan omi yẹn báyìí, calcium á gbá okùn alginate mọ́ra wọn, ẹ̀kán á sì di ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn tí mo kọ́kọ́ kán ní ìrù bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́. Mo gbé abẹ́rẹ́ ga sí i, ìrù náà pòórá. Wọ́n rí roboto, wọ́n ń dán, wọ́n sì ń ta lábẹ́ ìka.

Ibi tí mo ti ṣìṣe gan-an ni mo ti lóye iṣẹ́ yìí. Mo rẹ ìlẹ̀kẹ̀ náà sínú omi phosphate tá a máa ń fi fọ nǹkan ní láàbù, mo lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, n kò bá ìlẹ̀kẹ̀ kankan, àfi omi tó ń yọ̀ bí ilá. Ó dùn mí wọra, torí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni. Ọ̀gá mi wo inú ìgò náà, wọ́n ní, "Báwo ni pH omi yìí ṣe rí?" Mo ní 7.4. Wọ́n ní, "Ti ìfun ńkọ́?" Ẹnu mi kò lè padé, torí ti ìfun náà sún mọ́ ọn. Phosphate ti já calcium gbà lọ́wọ́ alginate, sodium sì ti gba àyè rẹ̀, okùn tó so ìlẹ̀kẹ̀ bá tú. Nínú ásíìdì, ńṣe ni ìlẹ̀kẹ̀ kan náà máa ń sún kì. Ohun tí mo pè ní àdánù mọ́jú ni ìlẹ̀kùn tí mo ń wá. Láti ọjọ́ náà, omi iyọ̀ tí mo fi calcium díẹ̀ sí ni mo fi ń fọ̀ wọ́n.

Ìlẹ̀kẹ̀ ní ihò wínníwínní tí ásíìdì lè gbà wọlé, torí náà mo tún fi chitosan bò ó. Ara èèpo edé àti akàn ni wọ́n ti ń yọ ìyẹn (kí ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba edé kíyè sí i). Mo wá po àpòlúkù àtọwọ́dá: omi iyọ̀, pepsin tó ń da oúnjẹ nínú ikùn, pH 2, dígíríì 37, wákàtí méjì. Mo fi citrate, tí òun náà máa ń já calcium gbà, tú ìlẹ̀kẹ̀, mo gbin ohun tó ṣẹ́kù. Àwo kòkòrò tí kò wọ aṣọ mọ́ fééfé. Àwo ti alginate nìkan hù fọ́nkáfọ́nká. Èyí tó wọ aṣọ méjì hù débi pé mo ní láti tún fi omi là á kí n tó lè kà á. Mo dúró ti àwo yẹn pẹ́.

Ó ku ẹnu ẹni tó máa mu ún. N kò jẹ́ fún ẹnikẹ́ni ní ohun tó ti inú láàbù jáde. Ní ilé ìdáná mi ni mo ti fi alginate àti calcium chloride tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ ṣe ìlẹ̀kẹ̀ òfìfo, láìsí kòkòrò, láìsí chitosan. Mo po ògì, mo jẹ́ kó rọ̀ títí ó fi lọ́wọ́ọ́rọ́, torí ìlẹ̀kẹ̀ pàápàá kò lè gba kòkòrò lọ́wọ́ omi tó ń hó, mo wá bù ú sí i. Màmá mu ẹnu kan, wọ́n dúró. "Ó ń ta sí mi léyín bí ẹyin ẹja. Ògì kì í ní kóró."

Wọn ò purọ́. Mo pa síríǹjì tì. Mo da alginate sínú òróró tí mo fi lecithin, tó ń jẹ́ kí omi àti òróró pò pọ̀, sí, mo rò ó kíkankíkan títí ó fi fọ́ wẹ́wẹ́, mo sì ń da calcium chloride sí i díẹ̀díẹ̀. Èyí tó rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òróró kúnná bí ìyẹ̀fun gàrí. Mo ṣan òróró kúrò, mo bu ògì mìíràn lọ bá Màmá.

Wọ́n mu ún tán, wọ́n tẹ abọ́ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Ìlẹ̀kẹ̀ tiẹ̀ dà?"

"Ẹ ti mu ún, Màmá."