Bí mo ṣe ń fi uki-waza dá èèyàn

Nílé wa níbí, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀ nínú ìjàkadì, wọ́n ti dá a nìyẹn. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní júdò ní Mọ́kọ́lá mọ èyí kí wọ́n tó mọ̀ mí. Nígbà tí mo bá wá ní kí wọ́n fúnra wọn wó lulẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń wò mí bíi pé orí mi ti yí. Ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Kóòṣì, ṣé kí n ṣubú fún un ni?" Mo ní rárá o. Má ṣubú fún un, mú un dání ṣubú.

Sutemi ni àwọn ará Jàpáàn ń pe irú èyí, ìyẹn ni pé kéèyàn fi ara rẹ̀ sílẹ̀ pátá. Ọ̀kan nínú wọn ni uki-waza: wàá wó sí ẹ̀gbẹ́, wàá sì fi wíwó yẹn ju ẹnìkejì rẹ kọjá èjìká rẹ. Jigoro Kano, ẹni tó dá júdò sílẹ̀, ló dá ilé ẹ̀kọ́ júdò tó ń jẹ́ Kodokan sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882. Nígbà tí wọ́n tún ọ̀nà 40 tí wọ́n fi ń dá èèyàn tò lọ́dún 1920, ìpele karùn-ún, tó gbẹ̀yìn, ni wọ́n fi uki-waza sí. Nínú Nage-no-kata, ìyẹn àwọn ọ̀nà 15 tí wọ́n máa ń ṣe tẹ̀ lé ara wọn láti fi kọ́ bí a ṣe ń dá èèyàn, òun náà ló kẹ́yìn. Nítorí náà, tí bẹ́líìtì rẹ kò bá tíì dé búráùn, tàbí tí o ṣì máa ń fi ọwọ́ ti ilẹ̀ bí o bá ń ṣubú, kà á fún ìgbádùn, má dán an wò. Ọrùn ọwọ́ kì í pẹ́ ṣẹ́.

Ìwọ nìkan ni kó o kọ́kọ́ ṣe é, lórí tìmùtìmù ńlá. Tẹ orúnkún díẹ̀, na ẹsẹ̀ òsì sí òsì bí ẹni ń fẹsẹ̀ gbá omi nílẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ sì balẹ̀ láti ìdí dé ẹ̀yìn èjìká. Jẹ́ kí àgbọ̀n rẹ súnmọ́ àyà. Ogún lápá òsì, ogún lápá ọ̀tún, kí o tó fọwọ́ kan ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹni tí uki-waza wà fún ni ẹni tó ń tì ọ́ bọ̀, tó tẹrí síwájú bí àgbò tó fẹ́ kàn. Ẹni tó bá dúró ṣánṣán, fi í sílẹ̀, wá nǹkan mìíràn ṣe fún un.

Bí mo ṣe ń di èèyàn mú nìyí: àwa méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ á yà síra. Ọwọ́ òsì mi á di apá ẹ̀wù rẹ̀ ọ̀tún mú lẹ́bàá ìgúnpá. Ọwọ́ ọ̀tún mi á gba abẹ́ apá rẹ̀ òsì kọjá, àtẹ́lẹwọ́ á sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fa ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sẹ́yìn, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tẹ̀ lé mi. Mi ò ní jẹ́ kó sinmi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ni mò ń retí. Bó ṣe ń bọ̀, tí ara rẹ̀ ti ń wúwo bọ̀ lórí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì fìdí múlẹ̀, ìgbà náà gan-an ni. Bó bá ti rí ilẹ̀ tẹ̀ dáadáa, ó ti bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ẹsẹ̀ òsì mi á yà gba òsì lọ, á nà sí ìta ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, etí ẹsẹ̀ ní ibi ọmọ-ìka tó kéré jù lá máa fara kan máàtì. Má na orúnkún gan bí igi. Ẹsẹ̀ yìí kì í gbá, kì í kọ́. Òkúta ojú ọ̀nà lásán ni, kí ẹsẹ̀ tirẹ̀ má lè jáde síwájú gba ara rẹ̀ là.

Ọwọ́ ni iṣẹ́ wà. Wo dẹ́rẹ́bà dánfó tó fẹ́ já sósì lójijì: ọwọ́ òsì ń fa sísàlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ń tì lọ sókè, sítíárì kan náà ni. Bí ọwọ́ mi ṣe ń yí nìyẹn, ọ̀tún gbé e lábẹ́ abíyá, òsì fà á kọjá èjìká mi òsì, ojú mi sì ń wo ibi tó ń lọ. Ara mi á sì máa wó lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Kì í ṣe kí n jókòó ná kí n tó fà.

Èmi fúnra mi jókòó ná nígbà tí mo ń kọ́ ọ. Mo fi ìdí balẹ̀ pẹ̀ẹ́ síwájú rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí, mo fẹ́ rọra ṣubú. Gbogbo ara ẹnìkejì mi wó lé mi láyà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò fi lè rẹ́rìn-ín kó má dùn mí. Bí o bá ń ṣubú, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rẹ̀ ni kó o ṣubú sí, kì í ṣe àárín ọ̀nà. Ní ìdíje, bí o bá sì kàn jókòó láìdá ẹnikẹ́ni, adájọ́ lè fún ọ ní shido, ìyẹn ìjìyà.

Ohun kan tí mi ò fi ṣeré: má ṣe jẹ́ kí ìdí tàbí itan rẹ wó lu ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ nìkan ni kó súnmọ́ ọn. Kani-basami, ìbátan uki-waza tí wọ́n ti máa ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ẹnìkejì bíi sáàsì, ló ṣẹ́ eegun ẹsẹ̀ Yasuhiro Yamashita, ọmọ Jàpáàn tó ń ṣe júdò, lọ́dún 1980, wọ́n sì ti fòfin dè é ní ìdíje. Yamashita padà wá gba góòlù Òlíńpíìkì lọ́dún 1984, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orúnkún ló ń rí irú oore bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin tó bi mí léèrè ìjelòó, ìgbà kọkànlá ló tó rí i ṣe. Ẹnìkejì rẹ̀ fò kọjá lórí èjìká rẹ̀, ilẹ̀ ró gbì, inú ọmọbìnrin náà dùn débi pé ó fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́. Mo pariwo mọ́ ọn. Bí ẹ̀yìn ẹnìkejì rẹ kò bá kan ilẹ̀ tó, ìjà kò tíì parí, apá ẹ̀wù yẹn lo fi máa yí ara rẹ gùn ún láyà, kí o sì dè é mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Mo ní kó tún un ṣe, kó má fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ títí màá fi ní ó tó.