Bí Mo Ṣe Fi Sípíà Táyà sí Ọkọ̀ tí Mo Pààrọ̀ Bíréèkì Rẹ̀

Honda Accord ọdún 2003 ni ọkọ̀ mi, irú èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní End of Discussion. Bíréèkì tí ó bá a wá kò tẹ́ mi lọ́rùn rí, pàápàá bí èrò àti ẹrù bá kún inú rẹ̀ tí mo sì ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí dísìkì iwájú rẹ̀, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí bíréèkì ń di mú, kò ju mílímítà 260 lọ ní fífẹ̀. Ní ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin ni mo ti rí kálípà Brembo onípísítínì mẹ́rin (kálípà ni irin tí ń fún dísìkì mọ́ra kí ọkọ̀ lè dúró) tí wọ́n tú lára ọkọ̀ Acura TL, pẹ̀lú dísìkì mílímítà 310 tí ó jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀, mo sì ní kí mẹkáníìkì mi bá mi gbé e sí iwájú. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé rímù ínṣì 15 tí mo ń lò kò ní gba kálípà náà, nítorí náà ni mo ṣe ra ti ínṣì 17. Mẹ́rin péré ni mo rà. Ìkarùn-ún, ìyẹn sípíà kékeré onínṣì 15 tí ó wà nínú búùtù, kò wá sí èmi tàbí òun lọ́kàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, bí mo ti ń bọ̀ láti Ìbàdàn tí mo sì kọjá Ògèrè díẹ̀, ìṣó gún táyà iwájú lápá òsì. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, mo gbé sí-kọ́ṣọ̀n sí ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí àwọn tí ń sáré bọ̀ yóò ti tètè rí i, mo fi òkúta ńlá há táyà ẹ̀yìn, mo sì dẹ nọ́ọ̀tì márààrún kí n tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè. Títí di ìgbà yẹn, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo pè é.

Mo gbé sípíà náà, ojú ihò rẹ̀ kọjú sí sítọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn irin tí a ń de nọ́ọ̀tì mọ́, mo tì í wọlé. Ihò rímù kò tilẹ̀ tíì dé orí sítọ́ọ̀dù tí etí rẹ̀ fi kan kálípà, kàǹ! Mo yí i, mo tún un tì, ó tún dún bákan náà, ìlà funfun kan sì hàn lára ọ̀dà pupa kálípà níbi tí irin ti ha á. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó dáadáa: ẹ̀yìn kálípà ti yọ kọjá ibi tí inú rímù ínṣì 15 lè dé, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fẹ́ fi ìdérí ìkòkò kékeré dé ìkòkò ńlá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta omi inú ọ̀rá dúró tì mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi faìlì ha kálípà yẹn díẹ̀, á wọlé.” Mo ní, “Rárá o, àbúrò mi, epo bíréèkì ló wà nínú ohun tí o fẹ́ ká ha yẹn.” Ó tún dábàá pé kí a fi wáṣà sí ẹ̀yìn rímù kí ó lè jìnnà sí kálípà. Àbá yẹn dà bí ọgbọ́n létí, ṣùgbọ́n ohun tí wáṣà tàbí sípésà lè ṣe kò ju pé kí ó ti rímù síta lọ. Kò lè mú kí inú rímù fẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni fífẹ̀ gan-an ni ìṣòro tiwa.

Nígbà náà ni mo rántí pé mi ò fọwọ́ kan bíréèkì ẹ̀yìn. Bí sípíà kò bá gba iwájú, ó gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn, kí táyà ẹ̀yìn tí ó jẹ́ ínṣì 17 sì bọ́ sí iwájú. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé jáàkì kan ṣoṣo ni mo ní. Mo dá táyà tí ó gún padà sí àyè rẹ̀, mo fi ọwọ́ dì í, mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lé e, mo sì gbé jáàkì lọ sí ẹ̀yìn lápá òsì kan náà. Kí n tó gbé e, mo kó òkúta lọ sí iwájú, nítorí pé bíréèkì ọwọ́ ń di táyà ẹ̀yìn nìkan mú, jíà P sì ń di ti iwájú mú. Ìgbàkígbà tí a bá gbé apá kan sókè, ọ̀kan nínú méjèèjì kò ṣe é gbára lé mọ́. Mo tú táyà ẹ̀yìn, sípíà wọlé wẹ́rẹ́, mo fi ọwọ́ yí i káàkiri, kò ha ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni mo padà sí iwájú, mo sì gbé ínṣì 17 náà síbẹ̀.

Bí sípíà bá tilẹ̀ gba iwájú, ẹ̀yìn náà ni ì bá sàn fún un. Táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí ń yí, bí ọ̀kan bá sì kéré ju èkejì lọ, yóò máa yára yí jù ú lọ, àwọn eyín tí ń pín agbára fún méjèèjì yóò sì máa ṣiṣẹ́ láìsinmi.

Géèjì fi hàn pé psi 22 péré ni afẹ́fẹ́ inú sípíà, nígbà tí psi 60 ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Mo fi pọ́ǹpù tí a ń ki sí ojú iná inú ọkọ̀ fẹ́ ẹ títí ó fi pé. Ibẹ̀ ni mo ti rí nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí àmì DOT, èyí tí ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà: 3103, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n ọdún 2003. Rọ́bà tí ó ti lé ní ogún ọdún ni mo fẹ́ gùn wọ Èkó! Mi ò kọjá kìlómítà 60 ní wákàtí kan bó tilẹ̀ jẹ́ pé 80 ni irú táyà bẹ́ẹ̀ gbà, ọwọ́ ọ̀tún pátápátá ni mo sì rìn, tí tírélà ń fọn fèrè lé mi lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo padà sí Ládípọ̀ láti wá rímù karùn-ún. Kì í ṣe gbogbo ínṣì 17 ni ó ń gba Brembo, nítorí apá inú rímù mìíràn tẹ̀ wọlé jù. Ihò márùn-ún tí òbìírí tí wọ́n tò sí fẹ̀ tó mílímítà 114.3 àti ihò àárín tí ó fẹ̀ tó 64.1 ni mo kọ́kọ́ wò, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni amọ̀ aláwọ̀ tí ọmọ mi fi ń ṣeré. Mo lẹ ẹ́ mọ́ ojú àti ẹ̀yìn kálípà, mo de rímù, mo yí i lẹ́ẹ̀kan, mo tú u, mo sì fi rúlà wọn bí amọ̀ náà ṣe nípọn tó níbi tí ó ti tẹ̀ jù. Bí ó bá dín ní mílímítà 3, mi ò ní rà á. Èyí tí mo mú fi 5 sílẹ̀.

Táyà 215/50R17 tí ó bá mẹ́rin yòókù mu ni mo fi sí i. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ọgbà ilé mi, mo fi sípánà tí ń wọn agbára fún nọ́ọ̀tì dé 108 Nm ní ìkọjúsíra, mo sì tún wọn fún lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ mélòó kan. Ó nípọn ju ti àtijọ́ lọ, nítorí náà pátákó ìsàlẹ̀ búùtù kò tẹ́jú mọ́, ìyàwó mi sì ti ń bi mí léèrè ibi tí òun yóò máa gbé kúlà sí.