Bí A Ṣe Ń Yan Nọ́ńbà Ẹ̀dà fún Binding Láíbùrárì C

Binding ni kóòdù tó ń jẹ́ kí èdè mìíràn, bíi Python tàbí Rust, lè lo láíbùrárì tí a kọ ní C. Láíbùrárì C tí ẹ fẹ́ kọ binding fún ti ní nọ́ńbà ẹ̀dà (version) tirẹ̀ kí ẹ tó dé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń dà á kọ bó ṣe wà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lo binding yín ni nọ́ńbà yín ń bá sọ̀rọ̀: ó fẹ́ mọ̀ bóyá kóòdù òun á ṣì ṣiṣẹ́ bí òun bá gba ẹ̀dà tuntun.

Ẹ wo PycURL, binding Python fún libcurl, láíbùrárì C tó ń gba nǹkan wá, tó sì ń fi nǹkan ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà libcurl ni ó mú, 7.43.0. Nígbà tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ wá ní àtúnṣe tiwọn, kò sí àyè mọ́, ni wọ́n bá so ìkẹrin mọ́ ọn: 7.43.0.1, 7.43.0.2, títí dé 7.43.0.6. libcurl fúnra rẹ̀ ti kọjá 7.70 nígbà yẹn. PyPI, ibi tí a ń kó package Python sí, gba nọ́ńbà mẹ́rin bẹ́ẹ̀; Cargo (ti Rust) àti npm (ti JavaScript) kò gbà á rárá. Rust ni a ó fi ṣàpẹẹrẹ láti ibí lọ.

1. Ẹ wo soname

pkg-config --modversion libcurl
readelf -d /usr/lib/x86_64-linux-gnu/libcurl.so.4 | grep SONAME

Àṣẹ àkọ́kọ́ á fi nọ́ńbà ẹ̀dà hàn, ìkejì á fi soname hàn, ìyẹn orúkọ tí ètò fi ń wá láíbùrárì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, tó máa ń yí padà bí láíbùrárì kò bá bá ti àtijọ́ mu mọ́. Ẹni tó mọ regbéregbé Ìjẹ̀bú á tètè lóye soname: orúkọ ẹgbẹ́ kan ló bo gbogbo àwọn tí a bí láàárín ọdún mélòó kan, kálukú sì ní ọjọ́ ìbí tirẹ̀. libcurl.so.4 ti wà láti 7.16.0 lọ́dún 2006. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, curl fò láti 7.88.1 sí 8.0.0, soname ò sì yí padà. Binding tó bá fò tẹ̀ lé e ti kéde ìbàjẹ́ tí kò sí.

OpenSSL, láíbùrárì tó ń dáàbò bo ìsọfúnni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, yàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè tó ṣì ń lo Ubuntu 20.04 ní libssl.so.1.1, èyí tó wà ní Ìlíṣàn lórí 22.04 ní libssl.so.3. Síbẹ̀, openssl-sys, binding Rust rẹ̀, gba àwọn méjèèjì lórí 0.9 kan náà, torí build.rs rẹ̀ (ètò kékeré tí Cargo máa ń kọ́kọ́ ṣe) ń yẹ èyí tó bá nílẹ̀ wò, ó sì ń fi cfg (àmì tó ń sọ apá kóòdù tí a ó lò) yà wọ́n sọ́tọ̀.

2. Ẹ má jẹ́ kí header ẹlòmíràn pinnu fún yín

Header ni fáìlì C tó to àwọn function láíbùrárì sílẹ̀; bindgen ni ètò tó ń kà á, tó sì ń kọ kóòdù Rust láti inú rẹ̀. Bí bindgen bá ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń lo binding, nọ́ńbà yín ò lè ṣèlérí ohunkóhun. Ká pe binding yín ní foo-sys. foo-sys 0.3.2 kan náà á ní function kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò ní ní in ní Ìkẹ́nnẹ́, torí header tó wà lórí ẹ̀rọ méjèèjì yàtọ̀. Ẹ fi header ẹ̀dà tó kéré jù tí ẹ fẹ́ gbà ṣe bindings.rs (fáìlì tí bindgen ń kọ), kí ẹ sì kó o mọ́ ohun tí ẹ ń gbé jáde. Bí struct, ìyẹn àkójọ àwọn ìsọfúnni (field) lábẹ́ orúkọ kan, bá wà níbẹ̀, ẹ ṣe ti 32-bit lọ́tọ̀. Function tó wọlé lẹ́yìn náà, ẹ fi í sẹ́yìn feature, ohun tí ẹni tó ń lo binding lè yàn láti tàn tàbí pa. Àwọn ẹ̀dà kan nínú libsqlite3-sys, binding Rust fún SQLite, ní èyí tó ń jẹ́ min_sqlite_version_3_14_0.

3. Nọ́ńbà wo ni ká sún?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 0.1.0. Lójú Cargo, 0.1.4 sí 0.1.5 kò ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n 0.1.5 sí 0.2.0 jẹ́ ìyípadà ńlá, bí ìgbà tí a kúrò ní 1 bọ́ sí 2. Àtúnṣe build.rs, tàbí kóòdù C inú package tí ẹ sọ di tuntun láìsí ohun tó yí nínú header, nọ́ńbà ìkẹyìn ni. Function tí ẹ yọ, tàbí tí ẹ yí argument rẹ̀ padà: ìyípadà ńlá.

Èyí tó ń yọ́ wọlé ni struct. Bí àwọn oní-C bá fi field kan kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ẹ̀yin náà fi í kún un, kóòdù ẹni tó ń to gbogbo field sílẹ̀ fúnra rẹ̀ á kọ̀. Enum, àkójọ iye tó ní orúkọ, náà ńkọ́? Bí ẹ bá sọ enum C di enum Rust, iye tuntun kan á ba gbogbo match (ibi tí kóòdù ti ń yẹ iye kọ̀ọ̀kan wò) tí kò ní ẹ̀ka fún èyí tó kù jẹ́. Ẹ lo constant dípò rẹ̀.

4. Ẹ ṣọ́ra fún links

Ohun tó gbówó lórí jù nìyí. Bí Cargo.toml yín, fáìlì ètò package, bá ní links = "foo", ìyẹn orúkọ láíbùrárì C tó so mọ́, foo-sys kan ṣoṣo ni Cargo á gbà nínú iṣẹ́ kan. Ká ní ẹnì kan ní Ṣágámù ń kọ ètò ìsanwó fún ṣọ́ọ̀bù. Package kan tó ń lò ti bọ́ sórí foo-sys 0.4, èkejì ṣì wà lórí 0.3. Cargo á kọ̀ jálẹ̀, ẹni ẹlẹ́ni á sì máa dúró de ẹni tó ni package kejì.

Torí náà, ẹ kó àwọn ìyípadà ńlá jọ, kí ẹ ṣe wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó bá jẹ́ ẹwà, inú foo, package tó bo foo-sys tí àwọn èèyàn ń lò ní tààràtà, ni kó wà, kì í ṣe inú foo-sys. Bí foo bá lè bá ẹ̀dà méjèèjì ṣiṣẹ́, ẹ kọ foo-sys = ">=0.3, <0.5". Ṣùgbọ́n bí foo bá ń fi type foo-sys hàn síta, ìyípadà ńlá foo-sys di tirẹ̀ náà.

5. Ibi tí nọ́ńbà C lè wà

Ẹ̀yìn àmì +. zstd-sys 2.0.9+zstd.1.5.5 ń sọ ẹ̀dà zstd (láíbùrárì C tó ń fún fáìlì pọ̀) tó wà nínú rẹ̀. Cargo kò kà á mọ́ ọn bó bá ń wá èyí tó tuntun jù. PyPI kì í gba + rárá, inú README ni kí ẹ kọ ọ́ sí níbẹ̀.

6. Gbígbé e jáde

Ẹ ṣe cargo semver-checks, tó ń wá ìyípadà ńlá, lẹ́yìn náà cargo publish --dry-run nínú container (àyíká tó dá dúró) tó mọ́ tónítóní. Bí ìyípadà ńlá bá ti bọ́ sínú 0.3.6, ẹ ṣe cargo yank foo-sys@0.3.6. Yank kì í pa á rẹ́, ó kàn ń jẹ́ kí iṣẹ́ tuntun má lè yàn án mọ́. Ẹni tó ti wà nínú Cargo.lock rẹ̀ (fáìlì tó ń tọ́jú ẹ̀dà tí iṣẹ́ kan ń lò) á ṣì máa rí i gbà. Nọ́ńbà yẹn ò ṣeé lò mọ́, nítorí náà ẹ dá ti àtijọ́ padà nínú 0.3.7, kí ẹ wá gbé ìyípadà náà jáde ní 0.4.0.